Bí Ìpele Fọ́tò Ṣe Ń Pò Mọ́ra: Ẹ Ṣọ́ Aṣọ Haraamí, Ẹ Ṣọ́ Aṣọ Káábà

Lẹ́yìn Haji, fọ́tò máa ń pọ̀ lọ́wọ́ wa. A fẹ́ to fọ́tò Bàbá nínú aṣọ haraamí lé ti Káábà, ká fi ránṣẹ́ sílé. A ṣe é tán, aṣọ pòórá, èrò tó ń ṣe tàwáfù ló ń hàn láyà Bàbá! Kọ̀ǹpútà kò bàjẹ́ o. Blend mode la ṣì yàn.

Ìpele, ìyẹn layer, dà bíi gíláàsì tí a to léra, tí àwòrán wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Photoshop 3.0 ló gbé e wọlé lọ́dún 1994. GIMP tó jẹ́ ọ̀fẹ́ náà ní in. Blend mode ló ń sọ bí àwọ̀ òkè ṣe máa pò mọ́ ti ìsàlẹ̀. Ẹ wo òkè àpótí Layers, níbi tí wọ́n kọ Normal sí.

NORMAL: Òkè bo ìsàlẹ̀. Òun ni kí ẹ lò fún èèyàn.

MULTIPLY: Kọ̀ǹpútà ń ka àwọ̀ láti 0, tó jẹ́ dúdú, dé 255, tó jẹ́ funfun. Á ṣe ìsọdipúpọ̀ nọ́ńbà òkè àti ti ìsàlẹ̀, á wá fi 255 pín in. Tí òkè bá jẹ́ 255, tí ìsàlẹ̀ jẹ́ 100, 100 náà ló máa kù. Funfun ti lọ nìyẹn, haraamí bá a lọ. Àmọ́ ó dáa fún ìwé Lárúbáwá tí a fi yíǹkì dúdú kọ sórí bébà funfun. Fọ́tò Haji àtijọ́ tó ti ṣá ńkọ́? Ẹ tẹ Ctrl+J ní Photoshop kí ẹ fi ní ẹ̀dà ìpele náà, ẹ yan Multiply, àwọ̀ á ki.

SCREEN: Òdìkejì rẹ̀ ni, dúdú ló ń lọ. Tí ẹ bá ya King Fahd's Fountain ní Jẹ́dà lóru, omi rẹ̀ tó ń tú sókè tó mítà 260 á kù, ojú ọ̀run dúdú á pòórá. Ṣùgbọ́n ẹ má lò ó fún Káábà: aṣọ dúdú rẹ̀ á lọ, ọnà wúrà ara rẹ̀ nìkan láá kù.

OVERLAY: Ibi tó dúdú á dúdú sí i, ibi tó funfun á funfun sí i. Ó wúlò fún fọ́tò tí àwọ̀ rẹ̀ kò jinná. Tó bá le jù, ẹ dín Opacity kù.

Báwo la ṣe máa wá to ti Bàbá? Ẹ fi layer mask gé ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, ẹ fi í sí Normal. Ẹ ṣí ìpele tuntun sábẹ́ rẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ kun òjìji sídìí ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ fi ìyẹn sí Multiply. Láìsí òjìji, ńṣe ni Bàbá máa dà bí ẹni tó ń fò.

Ẹ fi PSD tàbí XCF pa á mọ́, torí JPEG máa ń sọ gbogbo ìpele di ẹyọ kan. Ẹ má sì tọwọ́ bọ fọ́tò físà. Lákòótán, ẹni tí kò bá tíì dé Mẹ́kà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi layer gbé e débẹ̀. Àdúrà la máa bá a gbà.