Bí A Ṣe Lè Ṣàtìlẹ́yìn fún Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Tí Ó Fi Abẹ́òkúta Ṣe Ilé

Ní ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá, tí Ṣódẹkẹ́ ṣáájú wọn, wá tẹ̀dó sí abẹ́ Olúmọ lẹ́yìn tí ogun ti tú ìlú wọn àtijọ́ ká. Àwọn Òwu náà dé bá wọn lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Àwọn tí ó ṣí wá láti ibòmíràn ni ó tẹ Abẹ́òkúta dó, nítorí náà a mọ bí a ṣe ń gba àlejò mọ́ra. Ọ̀rọ̀ yìí kan bọ́ọ̀lù afẹsẹ̀gbá lónìí, nítorí pé pápá ìṣeré MKO Abíọ́lá ní Kútọ̀ ti di ilé fún àwọn ẹgbẹ́ tí orírun wọn wà níbòmíràn.

Àwọn ẹgbẹ́ tí ó wá sọ́dọ̀ wa

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, Abẹ́òkúta ni Kwara United ti Ìlọrin ti gba Asante Kotoko ti ilẹ̀ Gánà lálejò nínú ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ kojú Mamelodi Sundowns ti South Africa níbẹ̀. Remo Stars ni ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ láti Ìpínlẹ̀ Ògùn tí ó gba ife líìgì Nàìjíríà, ní sáà 2024/2025. Sundowns fi góòlù 5 sí 1 borí wọn. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ fi ń mọ àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ dénú.

Ohun tí ìtàn kọ́ wa

Abẹ́òkúta ti ní ẹgbẹ́ ńlá tirẹ̀ rí. Olóyè MKO Abíọ́lá ni ó dá Abiola Babes sílẹ̀. Ẹgbẹ́ náà gba ife Challenge Cup ní ọdún 1985 àti 1987. Ràṣídì Yẹkínì, tí ó jẹ góòlù àkọ́kọ́ fún Nàìjíríà nínú Ife Àgbáyé ní ọdún 1994, gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Lónìí, ẹgbẹ́ náà kò sí mọ́. Owó ẹnì kan lè kó àwọn agbábọ́ọ̀lù jọ, ṣùgbọ́n ará ìlú ni ó ń mú ẹgbẹ́ pẹ́.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí a fọwọ́ sí i ní ọdún 2002 pé kí ẹgbẹ́ Wimbledon kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Milton Keynes, àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀, wọ́n sì dá AFC Wimbledon sílẹ̀ lọ́dún kan náà. Nítorí náà, a kò ní kí a gba ẹgbẹ́ Ìlọrin tàbí ti Ìkẹ́nnẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ẹgbẹ́ tí ó bá wà lọ́dọ̀ wa má ṣe gbá bọ́ọ̀lù níwájú àga òfìfo.

Ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ wa

Ìtàn sọ fún wa pé ẹgbẹ́ àáró ni Lísàbí fi kó àwọn Ẹ̀gbá jọ: bí wọ́n bá ro oko ẹnì kan lónìí, wọn a ro ti ẹlòmíràn lọ́la. Ọ̀nà kan náà wúlò níhìn-ín:

1. Kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan, bí Ìtòkú, Ìjẹmọ̀ àti Ìgbẹ̀in, mú ìdíje kan tí wọn yóò kó ara wọn jọ lọ wò.
2. Kí àwọn olùkọ́ mú ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wá, nítorí ọmọ tí ó bá ti pápá dàgbà ni alátìlẹ́yìn ọ̀la.
3. Kí àwọn aláàdìrẹ Ìtòkú pa aṣọ ní àwọ̀ ẹgbẹ́ náà, kí àwọn olóúnjẹ sì múra sílẹ̀ de èrò.
4. Kí a yàgò fún ìjà àti jíju nǹkan sí pápá. Ẹgbẹ́ tí ó gbàlejò ni ìyà ń jẹ nígbà tí èrò bá dàlú rú.

Ẹgbẹ́ náà ní ojúṣe tirẹ̀. Ó yẹ kí ó kí Aláké àti àwọn ọba Ẹ̀gbá yòókù, kí ó kéde ọjọ́ àti aago ìdíje ní kùtùkùtù, kí tíkẹ́ẹ̀tì wà nítòsí ọjà, kí àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ sì máa kọ́ àwọn ọmọ wa ní bọ́ọ̀lù.

Ọjọ́ ń bọ̀ tí àlejò yóò padà sílé. Gateway United, tí í ṣe ẹgbẹ́ Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀, ni yóò kù sí pápá náà. Bí a bá ti fi àlejò kọ́ àṣà lílọ sí pápá, òun ni yóò jèrè rẹ̀.