Afẹ́fẹ́, Epo àti Ooru: Ọjọ́ Kan Lórí Ẹ́ńjìnnì Kompressor ní Ìjẹ̀bú-Òde

6:40 àárọ̀

Alẹ́ àná ni orí ẹ́ńjìnnì náà ti dé láti ọ̀dọ̀ oníléédì, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin. Wọ́n fi àpò ìrẹsì wé e, wọ́n gbé e sórí tábìlì irin ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan lẹ́bàá ọ̀nà tó jáde láti Ìjẹ̀bú-Òde sí Ìbàdàn. Bí Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù náà ti dé lọ́jọ́ Sátidé yìí, kò tíì pààrọ̀ aṣọ tó fi tú àpò náà. Ó gbé ọ̀pá irin kan tó tọ́ gbọnrangandan lé ojú orí ẹ́ńjìnnì ní gígùn, ó gbé e ní ìbú, ó tún gbé e láti igun dé igun, ó ń fi fílà géèjì wá àlàfo lábẹ́ rẹ̀. Ewé irin tó tín-ín-rín jù lọ kò ráyè wọlé.

"Kọ ọ́ sílẹ̀," ló wí fún ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìwé ọmọbìnrin yìí ni mo fi tọ́ aago inú ìròyìn yìí. Kò fo nǹkan kan, títí kan ìgbà tí NEPA mú iná lọ.

Ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ gbé orí náà padà sí ni Mercedes C230 Kompressor, tòkunbọ̀, sílíńdà mẹ́rin, 2,295 cc. Àlàájì kan tó ń ta aṣọ ló ni ín. Omi lásán ló wà nínú rédíétọ̀ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Omi náà ń jẹ orí ẹ́ńjìnnì, tó jẹ́ álúmíníọ̀mù, díẹ̀díẹ̀, títí ọkọ̀ fi sè lójú ọ̀nà Ọ̀rẹ̀. Awakọ̀ rọ omi tútù sí i, ó sì ń gbé e lọ. Nígbà tí wọ́n máa fi tú ẹ́ńjìnnì, písítìn kẹta ti fọ́ níbi tí ríǹgì ń jókòó sí. Mo fẹ́ sọ ọ́ gbangba: ẹni tó bá ń rọ omi lásán sínú ẹ́ńjìnnì bí èyí, owó ara rẹ̀ ló ń sun. Àwọ̀ nìkan kọ́ ló wà nínú kúláǹtì. Oògùn tí kì í jẹ́ kí álúmíníọ̀mù jẹra wà nínú rẹ̀, ó sì ń pẹ́ kó tó hó.

Láàárín ọ̀sẹ̀, oníléédì ti gbẹ́ sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, písítìn tí wọ́n rà ní Ládìípò l'Ékòó ti wọlé, ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì sì ti padà sínú ọkọ̀. Ohun tó kù fún òní ni orí, ṣéènì, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́, àti iṣẹ́ tó le jù nínú gbogbo rẹ̀: kí wọ́n mú wọn bára mu.

8:05 àárọ̀

Bóòtù mẹ́wàá ló di orí mọ́ ara. Titun ni gbogbo wọn, nítorí irú bóòtù yìí máa ń nà bí a bá ti fún un, èyí tó bá sì ti nà rí kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé mọ́. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ láti àárín, ó ń bọ̀ síta. Ó fi sípánà olódiwọ̀n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan dé Newton-mítà 55. Nígbà tó yí gbogbo wọn ká tán, ó padà sí ti àkọ́kọ́, ó yí i ní ìdá kan nínú mẹ́rin àyíká, ó ṣe ìyókù bẹ́ẹ̀. Ó tún padà ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Ọmọkùnrin kan tó wá yá jáàkì béèrè pé kí ló dé tí kò kàn fún un títí apá á fi sọ pé ó tó.

"Agbára apá mi àárọ̀ kọ́ ni ti ìrọ̀lẹ́," ni Ọ̀gá dá a lóhùn, kò sì gbójú sókè.

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Nínú ẹ́ńjìnnì tí a ń ti afẹ́fẹ́ sí, agbára tó ń bú nínú sílíńdà ń wá ibi tó máa gbà gbé orí kúrò nídìí rẹ̀. Bí bóòtù kan bá dẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, ibẹ̀ ló máa gbà.

10:20 àárọ̀

Ṣéènì wọlé. Wọ́n fọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì ní ìyípo méjì gbáko, àmì bọ́ sójú àmì. Sílíńdà kìíní ló ń kọ́kọ́ tanná, ẹ̀kẹta tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ẹ̀kẹrin, kó tó wá kan èkejì. NEPA mú iná lọ ní 10:35. Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ kò nílò iná.

11:30 àárọ̀

Wọ́n wá dé orí ẹ̀rọ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ "Kompressor" sí ẹ̀yìn ọkọ̀ náà.

Eaton M62 ni. Àpótí álúmíníọ̀mù ni, ọ̀pá méjì wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní etí mẹ́ta tí wọ́n lọ́. Wọ́n ń yí wọnú ara wọn láìfi ara kanra. Bí wọ́n bá yí lẹ́ẹ̀kan, afẹ́fẹ́ tó tó bíi lítà kan ti kọjá. Bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ló ń yí wọn, nítorí náà bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń yára ni wọ́n ń yára, kò sí ìdúródè. Turbo yàtọ̀: èéfín tó ń jáde ló ń yí òun, ìyẹn ló fà á tó fi máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó jí.

Iṣẹ́ ẹwìrì alágbẹ̀dẹ ni àpótí yìí ń ṣe, ìtàn rẹ̀ pàápàá sì jẹ́rìí sí i. Nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kan tó ń jẹ́ Roots gba ìwé àṣẹ lórí irú rẹ̀ ní Indiana, l'Amẹ́ríkà, ní 1860, kò tíì sí ọkọ̀ tó ń lo bẹntiróòlù láyé. Àwọn tó ń yọ́ irin ni wọ́n kọ́kọ́ fi í fẹ́ iná. Gottlieb Daimler ronú pé kí a máa fi ipá ti afẹ́fẹ́ wọnú ẹ́ńjìnnì, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 1885. Ní 1921, Mercedes pàtẹ ọkọ̀ tó ní i fún títà ní Berlin. Èyí tó wà lórí bẹ́ǹṣì ní Ìjẹ̀bú-Òde yìí, ọmọ ìdílé kan náà ni.

Ẹ jẹ́ ká fi òǹkà wò ó. Ẹ́ńjìnnì 2.3 yìí kan náà, láìsí ẹ̀rọ yìí, agbára ẹṣin 150 ló ní, agbára ìyípo rẹ̀ sì jẹ́ Newton-mítà 220. Pẹ̀lú ẹ̀rọ yìí, ó di 193 àti 280. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe é dín nǹkan kan kù kí wọ́n tó fi èyí kún un: èyí tí kò ní Kompressor ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ ní ìlọ́po 10.4, èyí tó ní i ń fún un pọ̀ ní 8.8 péré. Afẹ́fẹ́ tó ti fún pọ̀ kó tó wọlé kò gbọdọ̀ tún fún pọ̀ jù nínú sílíńdà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, epo á dédé gbiná fúnra rẹ̀ kí iná púlọ́ọ̀gì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìlù tí à ń gbọ́ bí ẹni ń fi òkúta lu páànù nìyẹn. Òun ló fọ́ písítìn kẹta.

Ọ̀gá fi ọwọ́ yí ọ̀pá náà, ó gbé etí sí bíárìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tú nọ́ọ̀tì kékeré kan ní iwájú, ọ́ìlì dúdú díẹ̀ sì ṣàn jáde, ó ń rùn. Ọ́ìlì yìí kò dà pọ̀ mọ́ ti ẹ́ńjìnnì rárá. Púpọ̀ nínú àwọn tó ni ọkọ̀ yìí kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, wọ́n á lò ó títí bíárìn á fi máa ké. Ó rọ titun sí i, ó fi sírínjì wọ̀n ọ́n.

1:25 ọ̀sán

Oòrùn mú. Ohun tí wọ́n fi ń wo ooru lára ògiri ṣọ́ọ̀bù kà 33. Gàrí Ìjẹ̀bú, omi tútù, ẹ̀pà; kíkan gàrí náà tó bó ṣe yẹ kó kan. Wọn ò tíì jẹ ẹ́ tán tí Àlàájì fi dé.

"Ẹ̀ńjíníà, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ẹ ṣé o, Àlàájì. Ẹ kú oòrùn. Ẹ wá jẹun."

"Ẹ gbádùn rẹ̀. Púlì tí ọmọ mi fi ránṣẹ́ ńkọ́? Ṣé ẹ ti fi sí i?"

Púlì kékeré ni. Bí púlì tó wà lórí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ bá kéré sí i, ẹ̀rọ náà á máa yí kíákíá jù bó ṣe ń yí tẹ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ á pọ̀, agbára á pọ̀. Ọdún Ojúde Ọba ti ń sún mọ́, àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ Àlàájì, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí rẹ̀, ń bọ̀ láti Èkó pẹ̀lú ọkọ̀ ńláńlá, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òun sílẹ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀. Mo lóye rẹ̀. Ara àríyá ni ọkọ̀ tó dára jẹ́ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, kò sì sí àléébù níbẹ̀.

Ọ̀gá fa páálí kan, ó kọ nǹkan sí ẹ̀yìn rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó wọlé ní 33, bí a bá fún un pọ̀ di ìlọ́po kan àbọ̀, kò lè ṣe kó má gbóná dé 70, kódà bí ẹ̀rọ náà bá pé láìkù síbì kan. Irú ẹ̀rọ etí mẹ́ta yìí kò pé tó bẹ́ẹ̀: ó ń gbé e kọjá 90. Nǹkan tó dà bí rédíétọ̀ wà níwájú ọkọ̀ tó ń tu afẹ́fẹ́ náà lára kó tó wọ ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ 33 kan náà ló fi ń tù ú. Ìwé ọkọ̀ sì ń béèrè bẹntiróòlù tí octane rẹ̀ jẹ́ 95, bẹ́ẹ̀, òdiwọ̀n tí Nàìjíríà fi lélẹ̀ fún bẹntiróòlù kò tó bẹ́ẹ̀.

"Àlàájì, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí èyí tó wà níbẹ̀ ń ṣe ná."

Àlàájì wo páálí náà pẹ́. Ó ní òun máa padà lẹ́yìn Ìrun Àṣálẹ́.

Lẹ́yìn tó lọ, Ọ̀gá ní kí wọ́n tú rédíétọ̀ afẹ́fẹ́ tó wà níwájú náà. Eruku, ìyẹ́ kòkòrò àti ewé ti dí i lójú pa. Wọ́n fọ̀ ọ́ títí ìmọ́lẹ̀ fi là á kọjá.

3:40 ọ̀sán

Wọ́n yọ fíúsì pọ́ńpù epo, wọ́n jẹ́ kí bátìrì yí ẹ́ńjìnnì lásán kí ọ́ìlì lè dé gbogbo bíárìn kí iná tó wọ̀ ọ́. Kúláǹtì àti omi mímọ́ wọlé ní ìdajì-ìdajì. Ó gba sùúrù kí afẹ́fẹ́ tó jáde tán nínú rẹ̀.

4:55 ìrọ̀lẹ́

Ó jí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èéfín funfun jáde fúngbà díẹ̀, ti gírísì tí wọ́n fi tò ó ni, lẹ́yìn náà ó mọ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ hó. Ọ̀gá kò hó. Ó ti so sikánà mọ́ ọn, ojú rẹ̀ kò kúrò lórí òǹkà kan tó ń sọ iye epo tí kọ̀ǹpútà ń fi kún ti ìṣirò rẹ̀: 18 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ni pé afẹ́fẹ́ kan ń wọlé tí sẹ́ńsọ̀ kò rí. Kọ̀ǹpútà ń wá ìdọ́gba tó mọ̀, kìlógíráàmù afẹ́fẹ́ 14.7 sí kìlógíráàmù epo kan, kò sì rí i, ló ṣe ń da epo sí i. Ẹlòmíràn ì bá ti pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀. Wọ́n fẹ́ èéfín sínú ọ̀nà afẹ́fẹ́, wọ́n pa iná ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì ń fi tọ́ọ̀ṣì wá a. Ọmọbìnrin oníwèé ló rí i, lábẹ́, níbi tí ojú kò tó: róbà tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí ti là ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ó fi jẹ́jẹ́ fà á yọ, ó gbé e fún Ọ̀gá. Wọ́n fi titun sí i. Òǹkà náà já sí 3.

Níbí ni mo ti rí ohun tí mo wá wò. Gbogbo ohun tó ń jẹ́ agbára nínú ẹ́ńjìnnì yìí dúró lórí pé kí a mọ iye afẹ́fẹ́ tó wọlé. Bó bá ń yí 5,000 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan, kódà ká ní kò sí ohun tó ń ti afẹ́fẹ́ sí i, sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á gbé ju lítà 5,700 mì. Ìlà kékeré lára róbà kan ti tó láti sọ ìṣirò náà di irọ́.

6:25 ìrọ̀lẹ́

Wọ́n gbé e jáde sọ́nà Orù. Ọmọ iṣẹ́ tó dàgbà jù ló wa ọkọ̀, Ọ̀gá gbé sikánà lé orókún, èmi wà lẹ́yìn. Ó kọ́kọ́ rọra lọ kí ríǹgì titun lè bá ara sílíńdà mọ́ra: tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, gbẹ́sẹ̀, tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, gbẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó tẹ̀ ẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní gíà kẹta. Ohùn ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ náà gòkè, tín-ín-rín, ẹ̀yìn mi lẹ̀ mọ́ ìjókòó.

Sẹ́ńsọ̀ tó ń gbọ́ ìlù inú ẹ́ńjìnnì sọ fún kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà sì fi dígírì 5 dá iná púlọ́ọ̀gì dúró kó má baà bá a lára. Ọ̀gá mi orí. Wọ́n dúró, wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n jẹ́ kó tutù. Ilẹ̀ ti ń ṣú, atẹ́gùn tó ń ti oko wá ti tutù. Wọ́n tún un ṣe ní ojú ọ̀nà kan náà, pẹ̀lú epo kan náà: dígírì 2.

"Ẹ̀rọ kan náà, epo kan náà," ni Ọ̀gá wí. "Ooru nìkan ló yí padà."

8:10 alẹ́

Àlàájì ti jókòó de wọ́n. Ọ̀gá gbé ìwé ọmọbìnrin náà lé e lọ́wọ́, ó fi ìka tọ́ka sí 5, ó tọ́ka sí 2, ó ṣàlàyé ohun tí wọ́n jẹ́. Àlàájì wọ ọkọ̀, ó tanná sí i, ó tẹ́tí sí i. Ó bọ́ sílẹ̀, ó mú púlì kékeré náà, ó ń yí i lọ́wọ́.

"Ẹ̀ńjíníà, ṣé kí n tọ́jú rẹ̀, tàbí kí n dá a padà fún ọmọ mi?"

"Ẹ tọ́jú rẹ̀, Àlàájì. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ ju ìdajì agbára lọ fún kìlómítà 1,000, ẹ má rọ omi sí i láìpè mí. Tí ẹ bá ti dé 1,000, ẹ gbé e wá ká pààrọ̀ ọ́ìlì. A ó wọ̀n ọ́n ní ọ̀sán gangan lọ́jọ́ náà, ohun tí òǹkà bá sọ ni a ó ṣe."