Ẹsẹ̀ Olùrà Ni Ó Ń Parí Iṣẹ́ Aránbàtà

Kò sí ẹni tí ó ra búùtù aláwọ líle rí tí kò mọ̀ pé ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ kì í rọrùn: awọ a gan, gìgísẹ̀ a bó, ọmọ ìka ẹsẹ̀ a lé ròrò, olówó a sì máa tiro nínú ohun tí ó fi owó ara rẹ̀ rà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé láti ìgbà ìwásẹ̀ ni ìyà yìí ti ń bá bàtà tuntun rìn. Ṣùgbọ́n bí a bá tọ ìtàn iṣẹ́ náà lọ dé orísun rẹ̀, a ó rí i pé nígbà kan, aránbàtà ni ó máa ń jẹ èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìyà náà kí oníbàtà tó fi ẹsẹ̀ kàn án, àti pé ogun àti ẹ̀rọ ni wọ́n sọ ẹrù náà kalẹ̀ lórí rẹ̀, tí wọ́n sì gbé e ru olùrà.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, ẹni tí ó bá fẹ́ bàtà gidi a tọ aránbàtà lọ. Aránbàtà a wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ ní gígùn àti ní ìbú, a wá igi tí a gbẹ́ bí ẹsẹ̀, a sì lẹ awọ pélébé mọ́ igi náà níbi tí ẹsẹ̀ oníbàtà bá ti ní kókó, kí bàtà tí yóò nà lé e lórí lè fi àyè sílẹ̀ fún kókó yẹn. Northampton ni ìlú tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú iṣẹ́ yìí, nítorí màlúù kò wọ́n ní ọjà rẹ̀, igi óákù tí a ń fi èèpo rẹ̀ ṣe awọ kún inú igbó àyíká rẹ̀, odò Nene sì ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1642, Thomas Pendleton àti àwọn aránbàtà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú náà gba iṣẹ́ bàtà 4,000 àti búùtù 600 fún àwọn ọmọ ogun tí ń lọ sí Ireland. Irú iṣẹ́ báyìí kò gba pé kí a máa wọn ẹsẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Dandan ni kí a ran bàtà de ẹsẹ̀ tí a kò rí. Nọ́ńbà ni ó wá rọ́pò okùn ìwọnsẹ̀, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì fi gígùn hóró ọkà báálì kan, tí í ṣe ìdá kan nínú mẹ́ta íǹṣì, ya nọ́ńbà kan sọ́tọ̀ sí èkejì.

Ìṣòro mìíràn tún wà. Nígbà tí bàtà onígìgísẹ̀ gíga wọ̀lú ní nǹkan bí ọdún 1600, ó nira, ó sì gbówó lórí, láti máa gbẹ́ igi ọ̀tún àti igi òsì fún oríṣìíríṣìí gíga, nítorí náà ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbẹ́ fún ẹsẹ̀ méjèèjì. Fún nǹkan bí 200 ọdún, ọ̀pọ̀ bàtà kò ní ọ̀tún, kò sì ní òsì. Wọn a sì pàṣẹ fún ọmọ ogun kí ó máa pààrọ̀ wọn lójoojúmọ́, kí wọ́n má baà jẹ sí apá kan. Lẹ́yìn tí Thomas Blanchard, ará Massachusetts ní Amẹ́ríkà, ti ṣe ẹ̀rọ tí ń gbẹ́ ìdí ìbọn ní nǹkan bí ọdún 1820, tí wọ́n sì kọ́ ọ láti gbẹ́ ẹsẹ̀ igi pẹ̀lú, ni ọ̀tún àti òsì tó di ohun tí mẹ̀kúnnù lè rà.

Ní Massachusetts yìí kan náà ni ìlú Lynn wà létí òkun, níbi tí ilé iṣẹ́ kékeré, tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá níbùú lóròó, ti wà lẹ́yìn ilé púpọ̀. Ọkùnrin ń rán ìsàlẹ̀ bàtà níbẹ̀, aya àti ọmọbìnrin rẹ̀ ń rán awọ òkè nínú ilé. Ẹ̀rọ ìránṣọ dé, owó iṣẹ́ já wálẹ̀, ó sì di ìyanṣẹ́lódì ńlá ní oṣù kejì ọdún 1860. Síbẹ̀, iṣẹ́ kan kù tí ẹ̀rọ kò rí ṣe: nína awọ òkè lé ẹsẹ̀ igi. Òṣìṣẹ́ a fi ẹ̀mú fa etí awọ, a ṣẹ́ ẹ wẹ́wẹ́ níbi ọmọ ìka àti gìgísẹ̀ tí ó ti yípo, a sì fi ìṣó wẹ́wẹ́ kàn án mọ́lẹ̀ kí ó tó yọ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá lè ṣe 50 lóòjọ́, wọ́n sì ń fọ́nnu pé kò sí irin tí yóò ní irú ìka àwọn.

Ẹni tí ó já wọn ní koro ni Jan Ernst Matzeliger, ọmọ Paramaribo ní Suriname, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ adúláwọ̀, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará ilẹ̀ Dutch. Wọ́n bí i ní 1852. Ó ṣe atukọ̀, ó sì dé Lynn ní 1877. Lọ́sàn-án, ó ń ṣiṣẹ́ owó oṣù. Lóru, ó ń to àwòṣe ẹ̀rọ rẹ̀ láti inú àpótí sìgá àti àlòkù irin. Nígbà tí ó fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìjọba, ó lọ́jú pọ̀ débi pé wọ́n rán ènìyàn wá sí Lynn láti fi ojú rí i. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹta ọdún 1883, wọ́n fún un ní ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ náà. Ẹ̀rọ náà wá ń na bàtà tí ó tó 700 lóòjọ́, iye owó bàtà sì já sí nǹkan bí ìdajì. Àwọn àgbà ní bí a bá ṣe ohun tí ẹnìkan kò ṣe rí, ojú ẹni a rí ohun tí ẹnìkan kò rí rí: ikọ́ ẹ̀gbẹ pa á ní 1889, ó jẹ́ ẹni ọdún 36, àwọn olówó tí ó bá dòwò pọ̀ sì ni wọ́n jókòó ti èrè.

Ní sáà yìí kan náà ni ẹ̀rọ tí ń jẹ́ orúkọ Charles Goodyear, ọmọ Goodyear onírọ́bà, di ìlúmọ̀ọ́ká. Kì í rán ìsàlẹ̀ mọ́ awọ òkè tààrà; ọ̀já awọ kan ni ó ń rán mọ́ awọ òkè àti awọ inú yípo, a ó fi kọ́ọ̀kì dí àyè tí ó ṣẹ́kù láàrin, lẹ́yìn náà ni a ó rán ìsàlẹ̀ mọ́ ọ̀já náà. Nítorí náà, bí ìsàlẹ̀ bá jẹ tán, aránbàtà lè tú u, kí ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, láìfọwọ́ kan ohun tí ó wà lókè.

Inú kọ́ọ̀kì àti awọ inú yìí gan-an ni ẹsẹ̀ olùrà ti ń parí iṣẹ́: ìwúwo ara a tẹ̀ wọ́n títí wọn yóò fi gba àwòrán àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, awọ òkè a sì ká níbi tí ọmọ ìka rẹ̀ ti ń tẹ̀. Àwọn ọmọ ogun ìgbàanì tí kò ní sùúrù a máa ki búùtù bọ omi, wọn a wọ̀ ọ́ rìn títí yóò fi gbẹ mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Ó ń yá, ṣùgbọ́n awọ a máa sán. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Kí a lọ ra búùtù ní ìrọ̀lẹ́ tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tí a ó máa wọ̀ sí i. Kí a máa fi wákàtí kan tàbí méjì wọ̀ ọ́ nínú ilé. Kí a fi òróró díẹ̀ pa á, kí a má ṣe yá a níná, kí ó sì máa sinmi ọjọ́ kan kí òógùn inú rẹ̀ lè gbẹ.

Lójú tèmi, pàṣípààrọ̀ náà kò burú. Ẹni tí kò lè san owó igi tí a gbẹ́ fún ẹsẹ̀ tirẹ̀ nìkan ti di oníbúùtù. Ìyókù gbèsè náà ni ó ń fi ẹsẹ̀ san. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ èyí tí yóò bá a kalẹ́ kọ́kọ́ dojú rẹ̀ dé, kí ó wò ó bóyá òwú ni ó di ìsàlẹ̀ mú tàbí gọ́ọ̀mù. Bí ó bá jẹ́ gọ́ọ̀mù, ó lè máà ta á lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ìsàlẹ̀ bá jẹ tán, aránbàtà kì í sábà rí ohun tí yóò rán.