Ogún tí Kò Sí Nínú Ìwé Ìran: Obìnrin Hakka àti Oúnjẹ Ilé

Láàárín àwọn Hakka, ẹ̀yà kan láti gúúsù Ṣáínà, ìdílé tó bá lórúkọ kì í ṣàìní ìwé ìran. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń kọ orúkọ bàbá sí, orúkọ bàbá bàbá, abúlé tí wọ́n ti ṣí wá, àti òkè tí wọ́n sin babańlá sí. Orúkọ ọkùnrin ló kún ibẹ̀. Ìyàwó kì í sábà ní ju orúkọ ìdílé bàbá rẹ̀ lọ nínú rẹ̀: obìnrin kan láti ilé Li, òmíràn láti ilé Chen. Ọmọbìnrin tó ti lọ sílé ọkọ, wọ́n lè má kọ ọ́ rárá. Síbẹ̀, bí wọ́n bá bi ọmọ Hakka kan ní Kuala Lumpur, ní Kingston tàbí ní Port Louis pé kí ló jogún láti ilé, oúnjẹ kì í pẹ́ dé ẹnu rẹ̀, obìnrin ló sì sábà máa ń jẹ́ olùkọ́ oúnjẹ náà.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí ń jà fún kò ṣòro láti sọ. Ogún oúnjẹ Hakka kì í ṣe ẹrù tí wọ́n dì láti àríwá Ṣáínà, tí wọ́n sì tọ́jú láìtú u. Iṣẹ́ ọwọ́ ni. Àwọn obìnrin orí òkè gúúsù ló dá a sílẹ̀, ìgbéyàwó ló ń gbé e láti ilé dé ilé, èròjà tuntun ló sì ń jẹ́ kí ó wà láàyè.

Ilẹ̀ tí àwọn Hakka ń pè ní ilé wà láàárín òkè, níbi tí ìpínlẹ̀ Guangdong, Fujian àti Jiangxi ti fẹnu kora. Meizhou ni ìlú tó lókìkí jù níbẹ̀. Ní 1933, Luo Xianglin, òpìtàn tí òun náà jẹ́ ọmọ Hakka, tẹ ìwé kan jáde. Ó sọ níbẹ̀ pé ìgbà márùn-ún ni àwọn èèyàn rẹ̀ ṣí kúrò nílé, tí ogun àti rògbòdìyàn lé wọn láti àárín gbùngbùn àríwá Ṣáínà wá sí gúúsù. Ìwé náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ òpìtàn lásán. Láti 1855 di 1867, Hakka àti àwọn onílẹ̀ Guangdong ti bá ara wọn ja ogun tó gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀mí. Ẹ̀gàn pé Hakka kì í ṣe ọmọ Han, ìyẹn ọmọ Ṣáínà gidi, kò sì tíì tán lẹ́nu èèyàn nígbà tí Luo ń kọ̀wé. Ó ń dáàbò bo iyì àwọn ará ilé rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ Sow-Theng Leong, tí wọ́n tẹ̀ ní 1997 lẹ́yìn ikú rẹ̀, gba ọ̀nà mìíràn. Ó fi hàn pé ìgbà tí àwọn ará òkè wọ̀nyí sọ̀kalẹ̀, tí wọ́n ń bá ẹlòmíràn du ilẹ̀ àti iṣẹ́, ni wọ́n tó máa ń ka ara wọn sí ẹ̀yà kan ṣoṣo. Bí ìdánimọ̀ náà bá jẹ́ ọmọ ilẹ̀ gúúsù, ó yẹ kí wọ́n yẹ ìtàn inú ilé ìdáná náà wò bákan náà.

Oúnjẹ tí wọ́n máa ń fi gbe ìtàn àríwá lẹ́sẹ̀ ni tófù, ìyẹn wàrà sóyà, tí wọ́n ki ẹran sí nínú. Wọ́n ní àwọn babańlá fẹ́ràn jiaozi, ẹran tí wọ́n fi ìyẹ̀fun àlìkámà pípò wé. Nígbà tí wọ́n dé orí òkè tí àlìkámà kò ti pọ̀ tó, wọ́n gbẹ́ inú wàrà sóyà, wọ́n sì ki ẹran náà síbẹ̀. Ìtàn náà dùn, ó sì ń mú orí ọmọ wú. Ṣùgbọ́n ìtàn ẹnu ni, kò sì ṣàlàyé ohun tó kù nínú àwo. Ejìnrìn wà níbẹ̀ tí wọ́n ki ẹran sí, ìgbá wà níbẹ̀, ata pàápàá kò gbẹ́yìn. Ta ni yóò sọ pé ejìnrìn ń rọ́pò àlìkámà? Àlàyé tó sún mọ́ ilé jù ni pé ẹran kò tó. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, tí wọ́n pò mọ́ ẹja oníyọ̀ tàbí edé gbígbẹ, yóò kárí ègé wàrà púpọ̀. Àgbà á rí ti rẹ̀, ọmọ á rí ti rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò fi ojú kan mọ bí ẹran tó délé lọ́jọ́ náà ṣe kéré tó. Ọgbọ́n ìyá tó ń pín nǹkan nìyí. Kò nílò àríwá kó tó yéni.

Ẹ̀rí mìíràn wà nínú àwọn ohun ọ̀gbìn. Àwọn Hakka Singapore àti Màléṣíà ní oúnjẹ kan tí wọ́n ń pè ní suan pan zi. Wọ́n ń se kókò, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ kúnná, wọ́n ń fi ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ pò ó, wọ́n sì ń ṣù ú ní róbótó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ìka tẹ àárín rẹ̀ kí ó lè jọ ìlẹ̀kẹ̀ tí àwọn oníṣòwò Ṣáínà fi ń ṣírò owó. Kókò ti pẹ́ nílẹ̀ Éṣíà. Ẹ̀gẹ́ kò pẹ́ níbẹ̀: Gúúsù Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí orírun ẹ̀pà tí wọ́n ń lọ̀ mọ́ lei cha, tíì tí wọ́n ń fi odó gún. Ọ̀dùnkún tó bọ́ ọ̀pọ̀ abúlé orí òkè nígbà ìyàn, ilẹ̀ Amẹ́ríkà náà ló ti wá. Wọ́n sọ pé oníṣòwò kan, Chen Zhenlong, ló mú un láti erékùṣù Luzon wọ Fujian ní 1593. Nígbà tí ìṣípòpadà méjì àkọ́kọ́ nínú márùn-ún tí Luo kà ń ṣẹlẹ̀, kò sí ọ̀kan nínú ẹ̀gẹ́, ẹ̀pà àti ọ̀dùnkún ní Ṣáínà. Àwọn ìyá àgbà tó kọ́kọ́ fi ẹ̀gẹ́ pò kókò kò pa àṣà kankan run. Ohun tó dé ọwọ́ wọn ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ tí ọwọ́ wọn ti mọ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ yìí kò hàn níbì kankan tó bí ó ṣe hàn lára ewé mọ́sítáádì. Ní Gongguan, ní agbègbè Miaoli ní Taiwan, wọ́n máa ń gbin ewé náà nígbà òtútù sórí oko tí wọ́n ti kórè ìrẹsì. Bí wọ́n bá gé e, wọ́n á kọ́kọ́ sá a kí ó rọ̀. Wọ́n á wá tò ó sínú àgbá pẹ̀lú iyọ̀, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọ́n á gbé òkúta lé e, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ kí ó kan. Láti ibí ni ọ̀nà ti pín sí mẹ́ta. Èyí tí wọ́n bá yọ jẹ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú omi lára ni suan cai, tó dára fún ọbẹ̀ ṣàkì ẹlẹ́dẹ̀. Èyí tí wọ́n bá tún sá títí ó fi gbẹ dé ìdajì, wọ́n á fi igi kì í mọ́ inú ìgò títí afẹ́fẹ́ kò fi ní ráyè, wọ́n á sì da orí ìgò kodò: fu cai nìyẹn. Èyí tí wọ́n bá sá títí ó fi gbẹ pátápátá, tó dúdú, tí wọ́n lè so bí okùn, òun ni mei gan cai, tó lè wà nílé fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ewé kan ṣoṣo ni. Ohun tó sọ ọ́ di mẹ́ta ni mímọ ìgbà tó tó láti ká a kúrò lóòrùn. Bí omi bá pọ̀ jù lára rẹ̀, yóò bàjẹ́ nínú ìgò. Bí ó bá gbẹ jù, kò ní kan mọ́, òórùn rẹ̀ kò sì ní jáde. Ọmọ kì í mọ ìyẹn nípa pé wọ́n sọ fún un. Ó ní láti dúró ti àgbà lágbàlá, kí ó fọwọ́ kan ewé náà láàárọ̀, kí ó tún fọwọ́ kàn án nírọ̀lẹ́. Èyí gan-an ni ogún.

Láti ara mei gan cai ni kou rou ti ń jáde, oúnjẹ tí orúkọ Hakka sún mọ́ jù lójú àlejò. Ẹran ikùn ẹlẹ́dẹ̀, tí ọ̀rá àti ẹran tò lérí ara wọn, ni wọ́n ń bọ̀, tí wọ́n ń din awọ rẹ̀, tí wọ́n ń gé ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, tí wọ́n sì ń tò sínú abọ́ kí awọ kọjú sílẹ̀. Ewé gbígbẹ náà ni wọ́n á fi bò ó, wọ́n á fi oru omi sè é fún wákàtí púpọ̀, wọ́n á sì dojú abọ́ dé sórí àwo. Ọ̀rá ti wọ inú ewé, iyọ̀ ewé ti wọ inú ẹran. Ègé kan tó láti fi jẹ abọ́ ìrẹsì kan, fún ẹni tó fẹ́ padà sóko.

Ta ló ń lọ sóko? Obìnrin ni, lọ́pọ̀ ìgbà. Àwọn Hakka kì í sábà di ẹsẹ̀ ọmọbìnrin wọn bí ọ̀pọ̀ ará Ṣáínà ti ń ṣe nígbà náà, nítorí ẹsẹ̀ obìnrin ni ilé dúró lé. Ọkùnrin lọ wa wúrà ní ìwọ̀-oòrùn Borneo, níbi tí ìjọba Lanfang tí àwọn Hakka dá sílẹ̀ ti wà láti 1777 di 1884. Wọ́n lọ wa tánganran ní Màléṣíà, wọ́n lọ ṣòwò ní Jàmáíkà àti ní Mauritius. Obìnrin tó wà nílé ló ń túlẹ̀, òun ló ń gé igi ìdáná, òun ló ń pọntí.

Àṣà ìgbéyàwó wọn ló sì sọ ọ̀rọ̀ ìwé ìran di ohun tó le fún òpìtàn oúnjẹ. Ọmọbìnrin ń fi abúlé rẹ̀ sílẹ̀, ó ń lọ bá ìyá ọkọ ní abúlé mìíràn. Ìyá ọkọ náà fúnra rẹ̀, àjèjì ni nígbà tó wọlé. Ìran kan sí òmíràn, ẹni tó ń ṣàkóso ìkòkò kì í ṣe ọmọ bíbí ìdílé tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ pe ọbẹ̀ náà. Ohun tí ọmọ ń pè ní oúnjẹ ìdílé bàbá rẹ̀ jẹ́ àdéhùn láàárín abúlé ìyá rẹ̀, abúlé ìyá bàbá rẹ̀ àti ti àwọn tó ṣáájú wọn. Ellen Oxfeld, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá tó kọ *Bitter and Sweet* ní 2017 lórí abúlé Hakka kan ní Meixian, fi iṣẹ́, ìrántí, pàṣípààrọ̀ àti ìwà ọmọlúàbí ṣe orí inú ìwé rẹ̀. Ètò yẹn tọ́, nítorí oúnjẹ náà kò tẹ̀lé ìlà ẹ̀jẹ̀. Ìlà ẹni tó bá ẹlòmíràn ṣiṣẹ́ ló ń tẹ̀ lé.

Ẹ wo adìyẹ ọlọ́tí. Wọ́n ń fi ìrẹsì tó máa ń lẹ̀ pọ̀ pọn ọtí dídùn kan. Bí ìyàwó ilé bá bímọ, wọ́n á din atalẹ̀ àti adìyẹ, wọ́n á da ọtí náà sí i, wọ́n á sì máa fún ìyá ìkókó jẹ ní gbogbo oṣù àkọ́kọ́. Ẹni tó lóyún kọ́ ló ń pọn ọtí náà. Ìyá ọkọ ló ti ń pọn ọ́n sílẹ̀ kí ọmọ tó dé. Nínú ìwé ìran, ọmọ náà nìkan ni wọn yóò kọ, bó bá jẹ́ ọkùnrin.

Ẹnìkan lè takò ọ̀rọ̀ yìí pé oúnjẹ àsè àti ti ìrúbọ babańlá, ti ìdílé àwọn ọkùnrin ni. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ní Taiwan, àwọn àgbà mọ oúnjẹ mẹ́jọ tí wọ́n fi ń ṣàsè, mẹ́rin síse pẹ́ àti mẹ́rin díndín, tí ìfun, ṣàkì, fùkù àti ẹ̀jẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ pàápàá kò ṣòfò nínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, tí wọ́n ń pè ní díndín Hakka, wá láti ara ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti skúíìdì gbígbẹ tí wọ́n fi rúbọ. Ọkùnrin ló ń gbé ẹran náà síwájú babańlá. Ṣùgbọ́n ẹran tó ti dúró lórí pẹpẹ ti le, ti tutù. Ẹni tó gé e tínrín, tó fi ọ̀rá ara rẹ̀ din ín pẹ̀lú àlùbọ́sà eléwé, tó sọ ọ́ di ohun tó ṣeé jẹ, inú ilé ìdáná ló wà. Ẹbọ ló pèsè èròjà. Oúnjẹ náà ẹ̀yìn ẹbọ ni wọ́n ti dá a.

Àtakò tó wúwo ju èyí lọ ti ọ̀dọ̀ ìjọba àti àwọn oníṣòwò wá. Taiwan dá ìgbìmọ̀ ìjọba fún ọ̀rọ̀ Hakka sílẹ̀ ní 2001, láti ìgbà náà ni oúnjẹ Hakka ti di ohun tí wọ́n ń fi pe àlejò wá sí ìlú. Ní Beipu, ní Taiwan náà, lei cha tí àwọn arìnrìn-àjò ń gún, tó dùn, tó ní yànmọtí àti ẹ̀pà, ìparí àwọn ọdún 1990 ló di olókìkí. Ti Hepo ní Guangdong, tí àwọn Hakka Màléṣíà ṣì ń jẹ, oníyọ̀ ni: ìrẹsì pẹ̀lú oríṣiríṣi ẹ̀fọ́ tí wọ́n rẹ́ wẹ́wẹ́, tí wọ́n sì da omi ewé gígún lé lórí. Kò sí ohun tó burú nínú ti Beipu gẹ́gẹ́ bí ohun mímu. Ohun tó burú ni kí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri pé bẹ́ẹ̀ ni babańlá ṣe ń mu ún, nítorí irú àkọlé bẹ́ẹ̀ ń gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ìyá àgbà tó mọ èyí tó níyọ̀.

Tangra, ní Kolkata ní Íńdíà, fún ìwádìí ní ìdánwò tó le jù. Àwọn Hakka ibẹ̀ fi awọ ṣíṣe gbọ́ bùkátà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Oxfeld náà kọ ìwé nípa wọn ní 1993. Nígbà ogun Íńdíà àti Ṣáínà ní 1962, ìjọba Íńdíà kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Ṣáínà lọ sí àgọ́ Deoli ní Rajasthan, ọ̀pọ̀ sì sá lọ sí Kánádà lẹ́yìn náà. Ní 1996, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Íńdíà pàṣẹ kí àwọn ilé iṣẹ́ awọ kúrò ní ìlú, àwọn mìíràn nínú wọn sì di ilé oúnjẹ. Lónìí ní Toronto, bí wọ́n bá kọ Hakka sí iwájú ilé oúnjẹ, adìyẹ díndín alátá pẹ̀lú ọbẹ̀ sóyà àti aáyù, lọ́nà Íńdíà, ni oníbàárà ń retí. Àwọn kan ń ṣàròyé pé èyí kì í ṣe Hakka. Ó yẹ kí wọ́n rọra. Oúnjẹ tí àwọn tí wọ́n lé kúrò nídìí iṣẹ́ awọ fi tún ayé wọn tò jẹ́ ti wọn ní tòótọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oúnjẹ ọjà ni, tí ahọ́n oníbàárà sì pín nínú rẹ̀. Oúnjẹ ilé ní ìlà tirẹ̀, kò sì tọ́ kí wọ́n fi ọ̀kan ṣe adájọ́ èkejì.

Ní 2012, Linda Lau Anusasananan tẹ *The Hakka Cookbook* jáde ní Amẹ́ríkà. Ìyá rẹ̀ àgbà ló gbìn ín sí i lọ́kàn ní kékeré pé Hakka ni, ó sì kó ìlànà ìsè jọ láti ẹnu àwọn Hakka orílẹ̀-èdè púpọ̀. Iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti di kánjúkánjú báyìí, nítorí ọmọbìnrin tó lọ sí yunifásítì kò sí lágbàlá mọ́ nígbà tí ewé ń gbẹ, ẹ̀rọ amóhuntutù sì ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ iyọ̀. Àwọn tó ń kó irú ìlànà bẹ́ẹ̀ jọ ní Meizhou, ní Miaoli tàbí ní Port Louis sábà máa ń kọ orúkọ ìdílé ọkọ sí i lórí. Ó yẹ kí wọ́n kọ orúkọ abúlé tí a bí obìnrin náà sí tẹ̀ lé e, àti ti ìyá rẹ̀ bó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ohun tó yí padà lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ ilé ìdáná ìyá ọkọ rẹ̀.