Nígbà Tí Líǹkì Di Ọjà

Ní oṣù kẹta ọdún 1999, ilé-iṣẹ́ Netscape ní Amẹ́ríkà gbé nǹkan kan jáde tí wọ́n ń pè ní RSS. Iṣẹ́ rẹ̀ ò le rárá. Dípò kó o máa yà sí ìkànnì kọ̀ọ̀kan lọ wò ó bóyá nǹkan tuntun ti dé, ìkànnì náà á fúnra rẹ̀ to àkọlé àti líǹkì ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde sínú fáìlì kékeré kan. Fáìlì yẹn ni feed. Àwọn ìkànnì míì wá ń kó feed oríṣiríṣi jọ sójú kan, kéèyàn lè kà wọ́n pa pọ̀.

Àmọ́ ọdún kan ṣáájú ìyẹn ni Larry Page àti Sergey Brin, tí wọ́n jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Stanford, ti dá Google sílẹ̀. Èrò wọn ni pé ẹ̀rí ni líǹkì. Tí ìkànnì kan bá tọ́ka sí òmíràn, ó jẹ́rìí sí i nìyẹn. Bí ẹlẹ́rìí bá ṣe pọ̀ tó, tí wọ́n sì níyì tó, ni Google á ṣe gbé ìkànnì náà sókè tó.

Àwọn ọlọ́gbọ́n-ẹ̀wẹ́ tètè rí àyè ibẹ̀. Tó o bá fi feed rẹ ránṣẹ́ sí ìkànnì akóròyìnjọ 100, gbogbo wọn lè gbé líǹkì rẹ jáde. Ẹlẹ́rìí 100 nìyẹn, láìsí ẹyọ ẹnì kan tó ka ohun tó o kọ. Àwọn kan tiẹ̀ dá irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ torí líǹkì nìkan.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2005, Google, Yahoo àti MSN fẹnu kò lórí nofollow, àmì téèyàn lè fi sára líǹkì láti sọ pé, “Mi ò jẹ́rìí sí èyí o.” Ní oṣù kẹrin ọdún 2012, Google gbé Penguin jáde láti já àwọn tó fi líǹkì ayédèrú gòkè wálẹ̀. Bí ọjà ẹlẹ́rìí èké ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tú nìyẹn.

RSS fúnra rẹ̀ ò kú. Nígbà tí Google ti Google Reader pa lọ́jọ́ 1 oṣù keje ọdún 2013, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ó ti parí. Síbẹ̀, òun ló ṣì ń gbé podcast dé orí fóònù wa títí dòní. Èrè líǹkì ti tán lára ẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ ṣe é ló kù: kó o fọwọ́ ara ẹ yan ẹni tó o fẹ́ kà, kí ẹ̀rọ kankan má bá ọ yàn án.