Ìwé Iwin Fágúnwà: Kíkà Wọn Láti Ọ̀kan Bọ́ Sí Òmíràn

Ìwé ìtàn àròsọ márùn-ún tí Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà kọ ni ọ̀wọ́ ìwé iwin tó lókìkí jù lọ ní èdè Yorùbá. Àwọn ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938), Igbó Olódùmarè (1949), Ìrèké Oníbùdó (1949), Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje (1954) àti Àdììtú Olódùmarè (1961). Kì í ṣe ìtàn kan ṣoṣo ni òǹkọ̀wé gé sí ọ̀nà márùn-ún. Akọni tuntun ló ń gba iwájú nínú ìwé kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n igbó, iwin, ìrìn àjò tó le koko àti ohùn ẹni tó ń sọ ìtàn jọra débi pé ẹni tó ka ọ̀kan tán yóò dá èyí tó tẹ̀ lé e mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ní Nàìjíríà, ilé ìwé ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé ti kọ́kọ́ bá wọn pàdé. Ní ilẹ̀ Kétu, ní ìpínlẹ̀ Plateau ti orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí Idigny wà, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀: èdè inú ìwé náà kò ṣàjèjì, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ ló yàtọ̀.

Òǹkọ̀wé

Òkè-Igbó ni wọ́n ti bí Fágúnwà ní 1903. Oròówọlé ni orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́. Ẹ̀yìn tí ẹ̀sìn ìgbàgbọ́ wọlé ló di Ọlọ́runfẹ́mi. Ó kàwé olùkọ́ ní St. Andrew's College, Ọ̀yọ́, láti 1926 sí 1929, ó sì ṣe olùkọ́ níbẹ̀ fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Ní 1936, nígbà tí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba amúnisìn ṣe ìdíje ìwé kíkọ, ó fi ìtàn ọdẹ kan ránṣẹ́. Ìtàn yẹn ni ilé ìtẹ̀wé CMS tẹ̀ jáde ní Èkó ní 1938. Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ Nelson gba títẹ̀ rẹ̀, àwọn náà ni wọ́n sì tẹ ìwé ìtàn àròsọ mẹ́rin tó kù.

Ọdún mọ́kànlá ló wà láàárín ìwé kìn-ín-ní àti ìkejì. Ogun àgbáyé kejì wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìgbà tí Fágúnwà lò ní Ìlú Ọba láti 1946 sí 1948. Bó ti padà dé, ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde: Igbó Olódùmarè, Ìrèké Oníbùdó àti apá kìíní Ìrìnàjò, tó fi ròyìn ìrìn àjò rẹ̀ sí Ìlú Ọba, ni wọ́n jọ jáde ní 1949. Ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní 1955 sì kó ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ wá sídìí ìwé Yorùbá.

Ikú rẹ̀ ni àríyànjiyàn pọ̀ sí. Gbogbo ẹni tó kọ ìtàn ayé rẹ̀ gbà pé oṣù Kejìlá 1963 ni, àti pé odò ní Wúyà, nítòsí Bidá, ló gbé e lọ nígbà tó ń dúró de ọkọ̀ tí yóò gbé e sọdá. Ọjọ́ keje oṣù ni àwọn kan kọ, àwọn mìíràn kọ ọjọ́ kẹsàn-án. Bó ṣe bọ́ sínú omi gan-an kò bára mu nínú gbogbo ìròyìn. Láàárín àwọn òǹkàwé, àwọn kan ń sọ ọ́ pé àwọn iwin tó tú àṣírí wọn ló wá mú un. Kò sí ẹ̀rí kankan fún ìyẹn. Ohun tó fi hàn ni bí àwọn ìwé náà ṣe wọ àwọn èèyàn lára tó.

Ìtàn inú wọn

Ògbójú Ọdẹ bẹ̀rẹ̀ ní kèrémí. Akọ̀wé kan jókòó jẹ́ẹ́ lórí àga rẹ̀, àgbàlagbà kan yọ sí i, ó ní kó mú ìwé àti kálàmù, kó kọ ohun tí òun fẹ́ sọ. Àgbàlagbà náà ni Àkàrà-Oògùn, ọdẹ, ọmọ ọdẹ, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ àjẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti dá wọ Igbó Irúnmalẹ̀ kí ọba tó wá rán an níṣẹ́ sí Òkè Lángbòdó. Fún ìrìn àjò yìí, kò dá lọ. Kàkó Oníkùmọ̀-Ẹkùn wà lára àwọn tó bá a lọ, bẹ́ẹ̀ ni Ìmọ̀dóyè, Olóhùn-Iyọ̀, Arámọ̀ndá-Òkùnrin, Ẹfọ́-Ìyẹ̀ àti Ẹlẹ́gbẹ́dẹ-Ọdẹ, ẹni kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹ̀bùn tirẹ̀. Ẹni tó ń fi kùmọ̀ jà kì í ṣe ẹni tí yóò fi orin tu iwin lójú.

Ibi tí ọwọ́ Fágúnwà ti dá yàtọ̀ jù ni àpèjúwe iwin. Àgbákò, tí Àkàrà-Oògùn bá jà, dé fìlà irin, ó wọ ẹ̀wù idẹ àti ṣòkòtò awọ, ojú mẹ́rìndínlógún sì yí orí rẹ̀ ká. Ẹni tó bá ń ka ojú ìwé yẹn sókè fún àwọn ọmọdé yóò rí i pé ẹ̀rù àti ẹ̀rín jọ ń mú wọn ni, nítorí òǹkọ̀wé kì í yára kúrò lára iwin. Yóò wò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, yóò ka aṣọ rẹ̀, yóò ka ìdọ̀tí ara rẹ̀, kó tó jẹ́ kí ìjà bẹ̀rẹ̀. Lójú oníwádìí, ọgbọ́n tí arọ́kin fi ń ki ọba ni òǹkọ̀wé fi ń ki iwin: oríkì ni, ṣùgbọ́n ó yí i sódì.

Igbó Olódùmarè gba ẹ̀yìn lọ. Olówó-Ayé, bàbá Àkàrà-Oògùn, ni akọni rẹ̀. Òun àti Èṣù-Kékeré-Òde pàdé lójú ọ̀nà, wọ́n fi ẹnu halẹ̀ mọ́ra kí wọ́n tó wọ̀yá ìjà. Àǹjọ̀nú-Ìbẹ̀rù ló ń ṣọ́ ẹnubodè igbó náà, Bàbá-Onírùngbọ̀n-Yẹ́úkẹ́ sì wà nínú igbó lọ́hùn-ún, ọlọ́gbọ́n tí àwọn ọdẹ jókòó sẹ́bàá rẹ̀ láti kọ́ ẹ̀kọ́. Nínú Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje, Òkè Ìrònú ni àwọn ọdẹ ń lọ. Wọ́n gba Èdìdàrẹ́ kọjá, ìlú tí Òmùgọ̀diméjì jọba lé lórí, níbi tí ìwà òpè ti jẹ́ òfin. Apá ibẹ̀ ló pani lẹ́rìn-ín jù nínú gbogbo ọ̀wọ́ náà.

Ìrèké Oníbùdó fi igbó sílẹ̀ díẹ̀: ìtàn ayé ọkùnrin kan ni, ó sì dé inú omi níbi tí ẹ̀dá kan tí wọ́n ń pè ní Arọ̀gìdìgbà wà. Àdììtú Olódùmarè sún mọ́ ayé ojoojúmọ́ jù: òṣì, ọrọ̀, lẹ́tà ìfẹ́, ìgbéyàwó Àdììtú àti Ìyùnadé.

Èwo ni kí a kọ́kọ́ kà?

Bí a bá tẹ̀ lé ọdún tí wọ́n jáde, Ògbójú Ọdẹ ló ṣíwájú. Bí a bá tẹ̀ lé ọjọ́ orí àwọn tó wà nínú ìtàn, Igbó Olódùmarè ló yẹ kó ṣíwájú, nítorí bàbá ló ń ṣáájú ọmọ. Ètò kejì yìí ń ba nǹkan jẹ́. Ẹni tó ti mọ Àkàrà-Oògùn tẹ́lẹ̀ ni yóò gbádùn ìtàn bàbá rẹ̀; ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò rò pé ọdẹ kan ṣáá ni. Ìrìnkèrindò ló bá a mu kó tẹ̀ lé méjèèjì, torí ìrìn àjò ọdẹ lọ sórí òkè ló tún jẹ́, òǹkàwé yóò sì lè fi Òkè Ìrònú wé Òkè Lángbòdó. Ìrèké àti Àdììtú ṣeé kà nígbàkígbà.

Ìfiwéra kan wà láti òde òní. Ọ̀wọ́ Lockwood & Co. ti Jonathan Stroud, tí àwọn ọ̀dọ́ ń kà ní Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́ ìwé márùn-ún bákan náà, ọdún 2013 sí 2017. Níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ kan náà ló ń lé òkú kiri nínú ilé, àṣírí tí ìwé kìn-ín-ní sì gbé pa mọ́ di ìkarùn-ún kó tó tú. Fágúnwà kò so ìwé rẹ̀ pọ̀ lọ́nà bẹ́ẹ̀. Òkú tó ń rìn kì í sábà jẹ́ wàhálà nínú ìwé rẹ̀. Iwin, ànjọ̀nú àti ọ̀rọ̀, tí wọ́n ní ìlú, ọba àti aya tiwọn, ló kún ibẹ̀. Ìwádìí ẹni tó ṣe ibi kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá ń wá ìyẹn ní Yorùbá yóò lọ sọ́dọ̀ Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, ẹni tí akọni rẹ̀, Lápàdé, bọ́ láti inú Àjà Ló Lẹrù (1969) sínú Àgbàlagbà Akàn (1971), tàbí sọ́dọ̀ Kọ́lá Akínlàdé, tó kọ Ta Ló Pa Ọmọ Ọba? (1971) àti Owó Ẹ̀jẹ̀ (1976).

Ilẹ̀ Kétu àti Idigny

Idigny jẹ́ ọ̀kan nínú àgbègbè mẹ́fà tó para pọ̀ di kọmúùnù Kétu. Àwọn yòókù ni Kétu fúnra rẹ̀, Adakplamé, Kpankou, Odometa àti Okpometa. Ìlú ọdẹ ni Kétu láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Wọ́n ní ọdẹ kan tó ń jẹ́ Alálúmọ̀n ló mọ ọ̀nà inú igbó tí ọba Ẹdẹ fi kó àwọn èèyàn rẹ̀ dé ibi tí wọ́n tẹ̀dó sí. Òṣóòsì, òrìṣà ọdẹ, ni wọ́n ń pè ní ọba Kétu títí dé Brazil. Ẹnubodè Àkàbà Ìdènà, tí oògùn àti ìtàn pọ̀ lórí rẹ̀, ṣì wà ní Kétu. Ọmọ ibẹ̀ tó bá dé ibi tí Àǹjọ̀nú-Ìbẹ̀rù ti ń ṣọ́ ẹnubodè kò nílò àlàyé gígùn.

Ìwé Yorùbá kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ yìí pẹ̀lú. Samuel Àjàyí Crowther dé Kétu ní 1853, nígbà tí iṣẹ́ títúmọ̀ Bíbélì ṣì ń lọ lọ́wọ́. Àmọ́ ìjọba Dahomey kó Kétu ní 1886, ìlú sì tú títí di 1894, nígbà tí àwọn Faransé ti ṣẹ́gun Dahomey. Ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà ní 1889 ti fi Kétu sí ọwọ́ Faransé, ó sì fi Ìmẹ̀kọ, tó wà lábẹ́ Alákétu, ọba Kétu, tẹ́lẹ̀, sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí ààlà yìí, nígbà tí ìwé Fágúnwà jáde, ọmọ Ìmẹ̀kọ lè bá a pàdé nínú kíláàsì Yorùbá, nígbà tó jẹ́ pé Faransé ni olùkọ́ fi ń kọ́ ọmọ Idigny ní ìwé.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ álífábẹ́ẹ̀tì dé. Ní 1975, Benin ṣe álífábẹ́ẹ̀tì kan fún gbogbo èdè orílẹ̀-èdè náà, wọ́n sì tún un ṣe ní 1990 àti 2008. Nínú rẹ̀, ɛ ló dípò ẹ, ɔ dípò ọ, sh dípò ṣ, kp sì dípò p. Ẹni tó kọ́ ìwé kíkà àgbà ní ìhà Benin yóò kọ ɔdɛ níbi tí Fágúnwà kọ ọdẹ, yóò kọ kpa níbi tí ti Nàìjíríà jẹ́ pa. Nàìjíríà náà yí tirẹ̀ padà: àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 sọ aiye di ayé, nítorí náà Olówó-Aiyé inú ìwé àtijọ́ ni Olówó-Ayé òde òní. Ìdíwọ́ yìí kéré sí bó ṣe dà bí ẹni pé ó tóbi. Lẹ́tà mẹ́rin ni, ẹni tó bá sì mọ ohun tí ọ̀rọ̀ túmọ̀ sí yóò mọ̀ wọ́n dáadáa láàárín ojú ìwé mélòó kan. Ohun tó le jù ni àmì ohùn, tí àwọn ẹ̀dà àtijọ́ kò fi sí ibi púpọ̀, àti gbólóhùn gígùn Fágúnwà, tó kọ́ láti inú Bíbélì àti ìwàásù.

Ìtumọ̀ àti ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ

Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, ó sì túmọ̀ Igbó Olódùmarè ní 2010. Ìtumọ̀ Ògbójú Ọdẹ sí Faransé, èyí tí Abíóyè ṣe, jáde ní 1989. Wálé Ògúnyẹmí sọ ọ́ di eré Lángbòdó, tí Nàìjíríà gbé wá sí àjọ̀dún àṣà FESTAC ní 1977. Ayọ̀ Bámgbóṣé kọ odindi ìwé lórí ìtàn àròsọ Fágúnwà ní 1974, òun sì ni àwọn olùwádìí ṣì ń gbára lé. Fún òǹkàwé Idigny, ìtumọ̀ Faransé wúlò bí àfikún, ṣùgbọ́n oríkì Àgbákò kò dùn nínú rẹ̀ bó ṣe dùn ní Yorùbá. Ẹ̀dà Yorùbá ni kó kọ́kọ́ mú, kó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí Ògbójú Ọdẹ.