Eruku, Gbánja àti Búrẹ́dì: Ọ̀nà Tó So Agége Mọ́ Aṣálẹ̀

Eruku ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn òní.

Tí ọyẹ́ bá ti wọlé ní oṣù Kejìlá, ẹ wo fèrèsé yín dáadáa, yálà Agége lẹ̀ ń gbé, tàbí Ògbà, tàbí Ìkẹjà. Ẹ nù ún láàárọ̀, kó tó di alẹ́, ó ti dà bí ẹni pé ẹnì kan bu èlùbọ́ sí i. Títì tí wọn ò tíì dá ọ̀dà sí la máa ń dá lẹ́bi. Òótọ́ ni pé títì náà ní ẹ̀bi tirẹ̀, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú eruku ọyẹ́ kì í ṣe ará Èkó rárá. Orílẹ̀-èdè Chad ló ti wá, láti ibi kan nínú aṣálẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Bodélé. Adágún omi ńlá ló wà níbẹ̀ láyé àtijọ́. Omi náà gbẹ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ di erùpẹ̀ funfun lẹ́búlẹ́bú. Afẹ́fẹ́ á gba àárín òkè Tibesti àti òkè Ennedi, á gbé erùpẹ̀ yẹn fò, á wá dà á sórí ilé wa.

Ọdọọdún ni aṣálẹ̀ ń wá kí wa ní Agége. Kò sẹ́ni tó ń bi í pé ọmọ ta ni. Ohun tí mo fẹ́ ká jọ wò lónìí ni àwọn nǹkan mìíràn tó gba ọ̀nà kan náà wọ àdúgbò yìí, àwọn nǹkan tí ojú wa ti mọ́ débi pé a kì í tún wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Àwọn Àwórì ló kọ́kọ́ tẹ̀dó sí ilẹ̀ yìí, iṣẹ́ oko sì ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n igi méjì àti irin kan ló sọ Agége di ìlú tí wọ́n mọ̀ dé òkè Ọya. Igi àkọ́kọ́ ni kòkó, èkejì ni gbánja, irin náà sì ni ti rélùwéè.

Ní nǹkan bí ọdún 1880, oníṣòwò Èkó kan tó ń jẹ́ James Pinson Labulo Davies dá oko kòkó sílẹ̀ ní Ìjọn, ní agbègbè Agége. Òwò rẹ̀ ti forí ṣánpọ́n ṣáájú ìgbà yẹn, ó sì ń wá ọ̀nà mìíràn. Ẹ lè mọ ìyàwó rẹ̀ ju òun alára lọ: Sara Forbes Bonetta, ọmọbìnrin tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, tí Ọbabìnrin Victoria wá gbà sábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀. Ọdún 1880 náà ni Sara kú, Ìjọn sì ni Davies ti gbé òpó ìrántí dúró fún un.

Lẹ́yìn Davies ni Jacob Kẹ́hìndé Coker dé, ọmọ Ẹ̀gbá tó ní oko ńlá ní Ìfàkò. Ní ọdún 1907, òun àtàwọn àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Agege Planters' Union sílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ń ti ìlú òkè wá gba iṣẹ́ lóko wọn, àwọn òṣìṣẹ́ yìí sì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbin kòkó. Tí wọ́n bá ń padà sílé, wọ́n á di hóró kòkó mẹ́rù. Ọ̀nà yẹn wà lára ọ̀nà tí kòkó gbà tàn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Nítorí náà, tí bàbá bàbá yín bá fi owó kòkó rán ọmọ níwèé ní Ìlẹ́ṣà tàbí Oǹdó, ó ṣeé ṣe kí Agége ní ọwọ́ nínú ìwé yẹn.

Ilẹ̀ Agége fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gba kòkó tó ilẹ̀ òkè. Ibẹ̀ ni gbánja ti wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n ya àwọn obì méjèèjì sọ́tọ̀ fún àwọn tí kò mọ̀ wọ́n. Obì àbàtà ni ti ilẹ̀ wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Awẹ́ rẹ̀ máa ń ju méjì lọ, òun ni à ń dà níwájú òrìṣà. Gbánja, awẹ́ méjì péré ló ní, kò sì ṣeé dà. Gbánja yìí ni àwọn Hausa ń pè ní goro, òun gan-an ni wọ́n sì ń fẹ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilẹ̀ Ashanti, ní ibi tí à ń pè ní Gánà lónìí, ni wọ́n ti ń rù ú la inú igbó àti ọ̀dàn kọjá títí dé Kánò. Nígbà tó yá, ọkọ̀ ojú omi bẹ̀rẹ̀ sí gbé e wá sí Èkó.

Rélùwéè ló wá yí gbogbo rẹ̀ padà. Ọdún 1896 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti Èkó, ojú irin náà sì gba Agége kọjá. Ní 1901, ọkọ̀ ti ń rin dé Ìbàdàn. Nígbà tó fi máa di 1912, ojú irin ti so Èkó mọ́ Kánò. Àwọn àgbẹ̀ Agége wo ọ̀rọ̀ náà sọ́tùn-ún sósì: kí ló dé tí gbánja yóò fi máa ti òkun bọ̀, nígbà tí ilẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin? Wọ́n gbin tiwọn. Àwọn oníṣòwò Hausa sì wá bá wọn níbẹ̀, wọ́n gbalé, wọ́n kọ́ mọ́ṣáláṣí, wọ́n bímọ.

Iṣẹ́ gbánja kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Ẹ ó fọ́ pádi rẹ̀, ẹ ó rẹ hóró rẹ̀ kí awọ funfun tó bò ó lè rọ̀, ẹ ó wá bó o. Ẹ ó ṣa funfun sọ́tọ̀, pupa sọ́tọ̀, ńlá sọ́tọ̀, kékeré sọ́tọ̀. Ewé tútù ni wọ́n ń tẹ́ sínú apẹ̀rẹ̀ fún un. Tí gbánja bá gbẹ lójú ọ̀nà, owó ti wọgbó. Tí omi bá sì pọ̀ jù, á jẹrà. Àwọn obìnrin ló ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, ọwọ́ wọn ni gbánja fi ń dé ọ̀nà jíjìn láìbàjẹ́.

Kánò kì í sì í ṣe òpin ìrìn náà. Kánò ni orítà ńlá tí ọ̀nà aṣálẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀: láti ibẹ̀ lọ sí Agadez, láti Agadez lọ sí Ghat, títí dé Tripoli létí òkun ìhà kejì. Ẹ fojú inú wo Agadez. Ilé amọ̀ ni, pupa rúsúrúsú. Ilé gogoro mọ́ṣáláṣí rẹ̀ tí wọ́n fi amọ̀ mọ, tí igi yọ lára rẹ̀ bí ẹ̀gún, ga tó nǹkan bí mítà 27. Ràkúnmí ń gbé iyọ̀ bọ̀ láti Bilma. Ẹni tó ń rìn nínú oòrùn bẹ́ẹ̀, tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gba ọtí láyè, gbánja ló ń bá a lé oorun àti àárẹ̀, nítorí kaféènì tó wà nínú kọfí wà nínú rẹ̀. Wọ́n ń fi ṣe àlejò, wọ́n ń pín in níbi ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ. Ohun tó ń jáde nínú igbó tútù ló níyì jù nínú ìyanrìn gbígbẹ.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ọkọ̀ tó gbé gbánja lọ kò sì ní padà lófo. Màlúù bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀ kalẹ̀. Títí dòní, Oko-Ọba ní Agége ni ọ̀kan lára ibùpa ẹran tó tóbi jù l'Ékòó wà, púpọ̀ nínú màlúù ibẹ̀ sì ń ti òkè Ọya wá. Ẹ gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa: oko ni o, oko ọba. Àlùbọ́sà náà ń bọ̀ láti ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ àlùbọ́sà fúnra rẹ̀, láti inú èdè Lárúbáwá ló ti la aṣálẹ̀ kọjá, ó gba ọwọ́ Hausa, ó sì dé inú ọbẹ̀ wa. Báyìí náà ni àlàáfíà. Wàhálà náà ò gbẹ́yìn.

Búrẹ́dì ńkọ́? Ṣebí Agége ló ni ín? Ẹ dúró ná. Ẹni tí ìtàn mọ̀ sí ọba búrẹ́dì Nàìjíríà, ọmọ Jàmáíkà ni. Amos Shackleford lorúkọ rẹ̀. Ní 1913, ó wá ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní rélùwéè wa. Ní 1921, ó dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta. Àwọn alábúrẹ́dì Agége gba iṣẹ́ náà, wọ́n sọ ọ́ di tiwọn: búrẹ́dì tó ki, tó dùn díẹ̀, tó ń fà nítorí ẹ̀rọ tó tẹ ìyẹ̀fun rẹ̀ mọ́lẹ̀ léraléra. Tí ẹ bá sì fi jẹ ẹ̀wà àgànyìn láàárọ̀, ẹ rántí pé Àgànyìn ni orúkọ tí à ń pe àwọn tó ti ìhà Togo àti Gánà wá. Ọmọ Jàmáíkà, Àgànyìn, àlùbọ́sà òkè Ọya, gbogbo wọn nínú abọ́ kan. À ń pè é ní oúnjẹ Èkó, òótọ́ sì ni.

Ní ẹ̀wádún 1950, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé-iṣẹ́ ní Ìkẹjà, nítorí Ìkẹjà kò tíì sí lábẹ́ Èkó nígbà yẹn, àfi ìgbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967. Guinness dé ní 1962. Kòkó ló gbé Cadbury wá sí Nàìjíríà ní tirẹ̀, ní 1965 ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sì dúró ní Àgídìngbí. Ẹ wo bó ṣe yí po: àdúgbò tó kọ́ àwọn ìlú òkè bí wọ́n ṣe ń gbin kòkó wá di ibi tí wọ́n ti ń rọ kòkó náà sínú agolo Bournvita. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń wọ ṣíífù àárọ̀ ló ń ra búrẹ́dì yẹn lójú ọ̀nà. Àmọ́ ilé-iṣẹ́ kì í ṣe òkúta. Dunlop tó ń ṣe táyà n'Íkẹjà dáwọ́ iṣẹ́ táyà dúró ní 2008, ọ̀pọ̀ ìdílé sì ní láti wá ọ̀nà mìíràn jẹun.

Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu jù ni omi. Ní ẹ̀wádún 1910, ìjọba amúnisìn kọ́ ilé-iṣẹ́ omi sí Ìjú, tòsí Agége níbí, láti fi páìpù gbé omi lọ sí Èkó. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn ará Èkó máa san owó orí omi náà, ìlú gbaná jẹ, wọ́n ní àwọn ní kànga tiwọn. Lónìí, ẹ jáde sí òpópónà tí kò jìnnà sí Ìjú yẹn, ẹ ó rí mẹ́ruwà tó ń ti ọmọlanke rẹ̀, jẹ́rícàn lórí jẹ́rícàn. Orúkọ iṣẹ́ rẹ̀, Hausa ni: ẹni tó ni omi. Omi Ìjú gba ẹnu ọ̀nà wa kọjá lọ sí Èkó, ọmọ òkè Ọya sì ń ta omi fún wa bí ẹni pé inú aṣálẹ̀ la wà.

Ìdí tí mo fi ń to gbogbo èyí ni pé eré kọ́ ni. Ní ọdún 1999 ní Mile 12, àti ní 2002 ní Ìdí-Àràbà, Yorùbá àti Hausa dojú ìjà kọ ara wọn ní ìlú yìí, ẹ̀mí sì ṣòfò. Títí di ìsinsìnyí, tí ìdìbò bá ti ń sún mọ́lé, ẹ ó rí i lórí fóònù yín: ẹ padà sí ibi tí ẹ ti wá. Mo máa ń fẹ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́ pé, ní Agége, ta ló kàn? Ẹ̀gbá tó wá dá oko? Ará òkè tó wá ro ó? Àgànyìn tó ń se ẹ̀wà? Èmi àti ẹ̀yin tí àwọn òbí wa tẹ̀lé iṣẹ́ wá sí Ìkẹjà? Tí a bá tò sí ìlà, àwọn Àwórì nìkan ló lè sọ pé àwọn bá ilẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ìdílé Hausa kan ti wà ní Agége kí ilé-iṣẹ́ kankan tó dúró n'Íkẹjà, ọ̀pọ̀ ọmọ wọn sì ń fi òwe Yorùbá nájà ju èmi lọ.

Ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń rìn báyìí. Láti oṣù Kẹwàá 2024 ni Red Line ti ń gbé èrò láàárín Agbádò àti Oyíngbò. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ yóò máa gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí gbánja gbà lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní gbé e dé Kánò.

Iṣẹ́ kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín kẹ́ ẹ ṣe kó tó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ wá ẹni tó ń ta gbánja ládùúgbò yín. Ẹ kí i dáadáa, ẹ ra díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì bi í léèrè ibi tó ti ń ra tiẹ̀ àti ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́. Ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ tó bá gbà bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. Ó dìgbà kan ná o.